Alùpùpù Tó Ti Dúró Pẹ́

Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kejì

Màmá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín o. Ẹ kú ìdí ẹ̀rọ, ẹ kú ìrójú. Ẹsẹ̀ yín ńkọ́? Ṣé wíwú rẹ̀ ti ń lọ sílẹ̀? Ẹ dákun, ẹ yéé fi ẹsẹ̀ kan ṣoṣo tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ láti àárọ̀ dalẹ́. Ara tèmi le. Otútù ibí ti ń rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, mo ti bọ́ ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀wù tí mo máa ń wọ̀ léra wọn.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ lẹ́nu mi, kí ẹ tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tí yóò fi iyọ̀ sí i. Mo ti ra alùpùpù.

Màmá, ẹ má tíì ká lẹ́tà náà. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́.

Ẹ mọ̀ pé ẹ̀yìn ìlú ni ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó tí mo ti ń ṣiṣẹ́ wà. Kí ẹni tó máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi tó dé, bọ́ọ̀sì tó kẹ́yìn á ti lọ. Bọ́ọ̀sì àárọ̀ pàápàá kì í tètè jáde. Ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn lọ, tí mo fi ń rìn bọ̀ wálé láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀, nínú òjò, nínú yìnyín, létí títì tí kò ní ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀. Mi ò sọ fún yín rí torí mi ò fẹ́ kí ẹ máa ronú.

Màmá àgbà kan wà lọ́dọ̀ wa tí iyè wọn ti ra. Ọkọ wọn, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ panápaná, máa ń wá jókòó tì wọ́n lójoojúmọ́. Bàbá Panápaná la máa ń pè wọ́n. Bàbá náà bá mi lẹ́nu ọ̀nà níbi tí mo ti ń da omi kúrò nínú bàtà mi, wọ́n bi mí ibi tí mo ti rìn wá. Mo sọ fún wọn. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, wọ́n mú mi lọ sílé wọn, wọ́n ṣí tapólì kúrò lórí nǹkan kan nínú ilé tí wọ́n ń gbọ́kọ̀ sí.

Kì í ṣe irú alùpùpù tí a mọ̀ nílé. Ó gùn, ó rẹlẹ̀, ó sì wúwo bíi màlúù tó dùbúlẹ̀ sójú ọ̀nà. Ìjókòó rẹ̀ fẹ̀ bí àga ìjòyè, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì nà wá sẹ́yìn bí ẹni tó fẹ́ gba ọmọ lọ́wọ́ èèyàn. Wọ́n ní kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ń sáré, èyí tí wọ́n fi ń rìnnà jíjìn ni. Àwọn àti ìyàwó wọn ni wọ́n jọ máa ń gùn ún, kó tó di pé orúnkún wọn kọṣẹ́ tí ìyàwó wọn ò sì mọ orúkọ wọn mọ́. Láti ìgbà náà ló ti dúró síbẹ̀. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ tà á fún ọ̀dọ́ tí yóò máa fi pariwo kiri ìlú.

Mo kọ́ ọ dáadáa, mo ṣe ìdánwò rẹ̀, mo gba ìwé àṣẹ kí n tó gbé e sójú títì. Akoto mi bo gbogbo orí.

Mo mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ nínú ilé wa. Mo rò ó títí kí n tó ṣe é. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fèsì.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹta

Ìyá mi kékeré,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ẹsẹ̀ ń wú, ó ń lọ sílẹ̀. Ẹsẹ̀ kọ́ ló ń dùn mí.

Ìdí ẹ̀rọ ni mo ti kà á. Nígbà tí mo padà sẹ́nu iṣẹ́, ọrùn aṣọ oníbàárà ni mo rán apá mọ́. Ìyá Oníbúrẹ́dì òdìkejì wọlé, ó rí ojú mi, ó ní kí ló dé. Mo ní abẹ́rẹ́ ló gún mi lọ́wọ́.

Ṣé ìwọ náà nìyí? Jẹ́jẹ́ ni gbogbo èrò ń pe ẹ̀gbọ́n rẹ, torí kò sáré rí. Àwọn aláboyún ló máa ń dúró dè é pé òun ni kó gbé àwọn. Ṣé jẹ́jẹ́ rẹ̀ gbà á lọ́wọ́ ọkọ̀ akẹ́rù tí bíréèkì rẹ̀ já? Orí alùpùpù ló ti rí owó iléèwé rẹ. Ọ̀rọ̀ alùpùpù náà ni wọ́n fi pè mí lórí fóònù lọ́jọ́ tó kú. Láti ọjọ́ yẹn ni mi ò ti gbé fóònù sétí mọ́, ìdí nìyẹn tí èmi pẹ̀lú rẹ fi ń kọ̀wé bí ará àtijọ́. O mọ gbogbo èyí. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, tó bá rí ekòló, sísá ni yóò sá. Ìwọ rí ejò gan-an, o jókòó, o wá ń júwe bó ṣe gùn tó fún mi.

Màá sọ èyí tí mi ò sọ rí. Lọ́jọ́ tí wọ́n sin ín, ẹnu ọ̀nà ni mo ń wò. Gbogbo ẹni tó bá bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, mo rò pé ìwọ ni. O ò wá. Ẹni tí kò rí òkú ni kì í bẹ̀rù ohun tó pa á.

Dá a padà fún bàbá tó tà á fún ọ. Bí o bá ti dá a padà, kọ̀wé sí mi. Bí o ò bá ní dá a padà, má wulẹ̀ da yíǹkì nù.

Abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ tí mo ní kí o fi ránṣẹ́, mi ò tíì rí i. Èyí tí wọ́n ń tà níbí ń kán sínú aṣọ aláṣọ.

Èmi ni ìyá rẹ.


Ọjọ́ kejì, oṣù kẹrin

Màmá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ti fi abẹ́rẹ́ náà ránṣẹ́, oríṣi méjì, èyí tó nípọn àti èyí tí ẹ fi ń rán aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ọmọ bàbá tó ń tún aago ṣe níwájú ilé ìfowópamọ́ nílé ló ń kó o bọ̀ fún yín láti ibí.

Màmá, ẹ ti sọ tiyín, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Nígbà tí Bùọ̀dá mi kú, ìwé ìgbélùú mi wà lọ́wọ́ ìjọba ibí. Wọn ò tíì fọwọ́ sí i. Mo lọ bẹ̀ wọ́n. Obìnrin tó wà lẹ́yìn gíláàsì ní kò sẹ́ni tó di òun mú, pé mo lè lọ, ṣùgbọ́n bí mo bá jáde, mi ò ní lè wọlé mọ́. Mo ní ẹ̀gbọ́n mi ló kú. Ó ní ẹ pẹ̀lẹ́. Ó sì pe ẹni tó kàn lẹ́yìn mi. Mo lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, mo wẹ̀ fún àwọn arúgbó, mo pààrọ̀ aṣọ ibùsùn, mo jẹun. Omi kò jáde lójú mi. Mi ò mọ ohun tó dé sí mi. Mo rò pé ọkàn mi ti yigbì.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo gun alùpùpù yìí jáde nílùú, ọ̀nà kan wà tó gba àárín oko kọjá, tó tẹ́jú, tí kò sí èèyàn níbẹ̀. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kì í pariwo, ó máa ń kùn lábẹ́ èèyàn bí àgbàlagbà tó ń sọ̀rọ̀ nínú yàrá kejì. Ibẹ̀ ni ẹkún ti gbé mi. Mo pa á sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, mo bọ́ akoto, mo sunkún Bùọ̀dá mi bí ẹni pé àárọ̀ ọjọ́ yẹn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún mi. Mi ò mọ bí mo ṣe lè dá nǹkan tó ṣe irú ìyẹn fún mi padà.

Kò kúkú rọrùn. Ó ti ṣubú mọ́ mi lọ́wọ́, níwájú ibi iṣẹ́ gan-an, nígbà tí mo fẹ́ yí i padà. Kò sáré, kò ṣe nǹkan kan, ó kàn rọra fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ bí ọlọ́tí. Mo fà á títí, kò mira. Àwọn arúgbó kún ojú fèrèsé, wọ́n ń wòran. Bàbá Panápaná jáde wá, wọn ò bá mi gbé e. Wọ́n ní kí n kọ ẹ̀yìn sí i, kí n bẹ̀rẹ̀, kí n fi ìdí ti ìjókòó rẹ̀, kí n fi ẹsẹ̀ gbé e, kí n má fi ọwọ́ gbé e. Mo ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì dìde. Gbogbo ojú fèrèsé pàtẹ́wọ́. Ìyàwó wọn náà pàtẹ́wọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò rò pé wọ́n mọ ẹni tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún.

Mi ò ní dá a padà, Màmá. Ẹ bínú sí mi, ẹ bú mi, ṣùgbọ́n ẹ kọ̀wé.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ ogún, oṣù kẹfà

Màmá mi,

Ẹ kú àtijọ́. Mi ò tíì rí èsì yín. Mo bi ẹni tó kó abẹ́rẹ́ wá, ó ní òun fi lé yín lọ́wọ́, pé ẹ dúpẹ́, pé ẹ ò rán òun ní nǹkan kan sí mi.

Mo pààrọ̀ táyà rẹ̀ méjèèjì. Èyí tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti sán bí ẹsẹ̀ àgbẹ̀ nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. Mi ò mọ ìdí tí mo fi ń sọ ìyẹn fún yín. Bóyá kí ẹ lè mọ̀ pé mò ń tọ́jú ara mi.

Ìyàwó Bàbá Panápaná kú lọ́sẹ̀ tó kọjá. Bàbá náà ṣì wá jókòó sórí àga tí wọ́n máa ń jókòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ibùsùn náà ti ṣófo. Mo jókòó tì wọ́n títí wọ́n fi dìde fúnra wọn. Ẹ̀yin ni mò ń rò. Ta ló jókòó tì yín lọ́jọ́ yẹn?

Ẹ kọ̀wé, ì báà jẹ́ ìlà kan.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹjọ

Màmá,

Ara mi ò gbà á mọ́, mo pe Ìyá Oníbúrẹ́dì lórí fóònù. Ẹ má bínú sí wọn. Wọ́n ní ẹ̀mí yín ń bẹ. Wọ́n ní ṣùgbọ́n tó bá ti di ọ̀sán, ẹ máa ń pa ẹ̀rọ tì, ẹ ó wọ yàrá ẹ̀yìn tí Bùọ̀dá mi ń sùn, ẹ ó ti ilẹ̀kùn mọ́rí, ẹnikẹ́ni kò sì mọ ohun tí ẹ ń ṣe níbẹ̀. Wọ́n ní àwọn kan ilẹ̀kùn, ẹ ní kí àwọn máa lọ.

Kí ló wà nínú yàrá yẹn, Màmá? Ṣé àìsàn ni? Ṣé èmi ni mo fà á?

Bí ẹ bá ní kí n ta alùpùpù yìí kí ẹ tó jáde níbẹ̀, màá tà á. Mo sọ ọ́ látọkànwá. Ẹ̀mí yín ju irin lọ.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹsàn-án

Ìyá mi kékeré,

Má ta nǹkan kan. Jókòó, kí o ka èyí.

Mo ti bá Ìyá Oníbúrẹ́dì jà, a sì ti parí ẹ̀. Kì í ṣe búrẹ́dì nìkan ló ń tà, ó ń ta ọ̀rọ̀ mọ́ ọn.

O bi mí ohun tó wà nínú yàrá ẹ̀yìn. Alùpùpù ẹ̀gbọ́n rẹ ni. Gbogbo èèyàn rò pé mo ti tà á. Èmi ni mo sọ fún wọn bẹ́ẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tì í wá lọ́jọ́ kejì ìsìnkú, mo ní kí wọ́n gbé e wọlé, mo fi aṣọ ibùsùn rẹ̀ bò ó, mo ti ilẹ̀kùn. Láti ìgbà náà, mi ò wọ ibẹ̀ mọ́.

Nígbà tí lẹ́tà rẹ ti oṣù kẹrin dé, èyí tí o ti sọ pé o sunkún lójú ọ̀nà, inú bí mi débi pé mo fẹ́ ya á. Mi ò ya á. Mo kà á lẹ́ẹ̀kan sí i, mo mú kọ́kọ́rọ́, mo ṣí yàrá náà. Mo ní màá wo ohun tó pa á dáadáa, kí n lè kọ ọ́ sí ọ bó ṣe burú tó. Mo ká aṣọ kúrò. Ọmọ mi, kò sí nǹkan kan tó ṣe é. Dígí ẹ̀gbẹ́ kan ló fọ́, ibi ìtẹsẹ̀ kan sì tẹ̀. Mo dúró, mò ń wá ibi tó ti run. Kò sí. Ìgbà yẹn ni mo lọ bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ níbùdókọ̀, mo ní kí wọ́n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ fún mi, nítorí lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni parí ọ̀rọ̀. Wọ́n ní kò tilẹ̀ sí lórí rẹ̀. Ó ti sọ̀ kalẹ̀, ó fi alùpùpù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń bá obìnrin kan di ẹrù rẹ̀ kó le dáadáa. Ọkọ̀ akẹ́rù wá bá a níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ ti obìnrin náà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Obìnrin náà wà láyé.

Gbogbo ìgbà yìí, irin ni mò ń bá jà.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi kọ̀wé. Tó bá di ọ̀sán, mo máa ń wọlé lọ jókòó tì í, mo máa ń fi òwú nu ún. Ìyẹn ni mò ń ṣe níbẹ̀.

Nísinsìnyí, mo fẹ́ béèrè nǹkan lọ́wọ́ rẹ. Agbẹ̀bí kan ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí ilé ìwòsàn wa, ọmọbìnrin kékeré kan báyìí. Mo rán aṣọ iṣẹ́ fún un. Ẹsẹ̀ ló fi ń rìn dé àwọn abúlé ẹ̀yìn odò, bí ìwọ náà ṣe ń rìn lọ́hùn-ún tí o ò jẹ́ kí n mọ̀. Nígbà tó wá wọ aṣọ rẹ̀ wò, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí sílẹ̀, ó rí táyà. Ó ní, "Màmá, ṣé ó ṣì ń ṣiṣẹ́?" Mo ní kó jẹ́ kí n kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀.

Ìwọ àti bàbá panápaná yẹn, èyí tí ẹ bá nílẹ̀ náà ti dúró pẹ́. Báwo lẹ ṣe jí i?

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kẹsàn-án

Màmá mi,

Mo ka lẹ́tà yín lórí àtẹ̀gùn, mi ò lè dé yàrá. Ẹ ṣeun tí ẹ sọ fún mi. Mi ò mọ̀ pé ó ti obìnrin náà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi.

Mo gbé ìbéèrè yín lọ bá Bàbá Panápaná. Ó ṣe wọ́n bí ẹni pé ẹnìkan fún wọn níṣẹ́, wọ́n fá irùngbọ̀n wọn kí wọ́n tó jókòó sọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì ṣe é, ṣùgbọ́n ẹ dúró tì í, kó má fi ìkánjú bà á jẹ́.

Kó má kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ ta á rárá. Gbogbo epo tó wà nínú táńkì rẹ̀ ti díbàjẹ́, kó dà á nù pátápátá. Kó tú kábúrétọ̀, kó fọ̀ ọ́, torí epo àtijọ́ máa ń dì síbẹ̀ bíi gọ́ọ̀mù. Kó yọ púlọ́ọ̀gì, kó da ọ́ìlì ìba díẹ̀ sí ojú ihò rẹ̀, kó fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, kó wá fi ọwọ́ rọra yí ẹ́ńjìnnì láìtíì tan iná sí i. Bó bá yí, inú rẹ̀ ò tíì dì. Kó pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì àti bátìrì. Bíréèkì ńkọ́, kó tú u palẹ̀. Wọ́n ní kí n tẹnu mọ́ ìyẹn. Táyà, ẹ má wo bí ó ṣe dúdú, ẹ tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, bó bá sán, ẹ jù ú nù.

Wọ́n ní nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbà, yóò kọ́kọ́ húkọ́, yóò rú èéfín. Ẹ má bẹ̀rù. Ẹ jẹ́ kó gbóná dáadáa kí ẹ tó pa á.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má gùn ún fúnra yín o.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ keje, oṣù kọkànlá

Ìyá mi kékeré,

Mo rí ti pé kí n má gùn ún. Ṣé bí ìyá rẹ ṣe wá gbójú tó nìyẹn lójú rẹ?

Mo ka lẹ́tà rẹ sétí mẹkáníìkì, ó ń ṣe é, mò ń kà á. Ó fẹ́ fo ti púlọ́ọ̀gì, mo ní kó padà síbẹ̀. Ìgbà tó máa gbà, ó húkọ́ bí bàbá náà ṣe wí. Ó kú. Ó tún húkọ́. Nígbà tó wá gbà, ohùn rẹ̀ gangan ni, ohùn tí mo fi máa ń mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n rẹ ti yí kọ́nà wa, tí mo fi máa ń gbé oúnjẹ rẹ̀ kalẹ̀. Ìyá Oníbúrẹ́dì sáré wọlé, ìyẹ̀fun kún ọwọ́ rẹ̀, ó rò pé ẹ̀gbọ́n rẹ ti padà wálé. Àwa méjèèjì jókòó sílẹ̀, a sunkún títí ẹ́ńjìnnì fi gbóná.

Agbẹ̀bí ti gbà á. Mi ò tà á fún un, mo ní kó máa lò ó. Mo ní àdéhùn kan ló wà níbẹ̀, pé èmi ni yóò kọ́kọ́ gbé.

Mo ti fi bú ọ pé o ò rí òkú ẹ̀gbọ́n rẹ. Jẹ́ kí n sọ fún ọ: èmi náà ò rí i. Àwọn ẹbí ní ojú ìyá kò gbọdọ̀ rí i. Wọ́n fi mí sínú yàrá pẹ̀lú àwọn obìnrin, wọ́n gbé e lọ, wọ́n padà, wọ́n fọ ọwọ́. Mi ò mọ ibi tí wọ́n tẹ́ ẹ sí ju pé ó wà lọ́nà oko. Ẹnu ọ̀nà tí mo ní mò ń wò, ojú fèrèsé ni mo ti ń wò ó.

Mo ní kí agbẹ̀bí gbé mi lọ síbẹ̀. Ó fún mi ní akoto tirẹ̀, ó ní òun á wá òmíràn. Mo di ìbàdí rẹ̀ mú bí ọmọ ìkókó. Mo dijú títí a fi kúrò láàárín ilé. Nígbà tí mo lajú, atẹ́gùn ń fẹ́ sí mi, pápá ń lọ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kò sì sí ohun tó ń lé wa. Ó yé mi díẹ̀, ohun tí o sọ nípa ẹkún.

A béèrè lọ́wọ́ àgbẹ̀ kan, ó mú wa débẹ̀. Koríko ti bò ó. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi igi kọ Jẹ́jẹ́ sára símẹ́ńtì rẹ̀ nígbà tó ṣì tutù, lẹ́tà kan tóbi, ìkejì kéré. Mo tu koríko. Agbẹ̀bí fẹ́ bá mi tu, mo ní kó fi mí sílẹ̀. Mo sọ fún un pé mo wá, pé ó pẹ́, pé àbúrò rẹ̀ kí i. Mi ò sọ nǹkan tó pọ̀. O mọ̀ pé òun náà kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀.

Mi ò ní sọ fún ọ mọ́ pé kí o dá tìrẹ padà. Mi ò sì ní sọ pé ó dùn mọ́ mi nínú. Nígbàkúùgbà tí òjò bá rọ̀ níbí, màá máa rò pé ó ń rọ̀ sórí ọ̀nà rẹ. Bá mi kí bàbá náà kú àdánù ìyàwó rẹ̀. Má jẹ́ kó máa dá jókòó.

Nígbà tí ìjọba tibẹ̀ bá fọwọ́ sí ìwé rẹ, máa bọ̀ wálé. Má yà sọ́dọ̀ ẹbí kankan, má bi ẹnikẹ́ni léèrè ọ̀nà. Ọ̀dọ̀ mi ni kí o kọ́kọ́ wá. Èmi ni màá mú ọ lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ. Mo ti mọ ọ̀nà ibẹ̀ báyìí.

Ìyá rẹ.